Àtẹ́wọ́ Tí Mo Ń Pa fún Ẹ̀gbọ́n Mi

Ẹ̀yin ará ìlú wa tí ẹ péjọ sí Gwarinpa l'Abuja níbí lónìí, ẹ dá àdúrà yẹn dúró ná. Ẹ ń lé ọ̀tá kúrò lẹ́sẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi, Babátọ́pẹ́. Èmi Akínlabí tí mo jókòó tì wọ́n yìí gan-an ni ọ̀tá náà, ẹnu ara mi ni mo sì fẹ́ fi sọ ọ́.

Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù wọ́n, tó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn, Shakirah tó ń kọ́ wọn ní ìrìn ní ọsibítù ní kí n máa pàtẹ́wọ́ fún wọn nílé, àtẹ́wọ́ kan, ìṣísẹ̀ kan. Ó ní, "Ẹ má yára, ẹ má sì falẹ̀. Ẹsẹ̀ wọn á máa tẹ̀ lé etí wọn." Iṣẹ́ tó rọrùn fún mi ni. Èmi ni mò ń lu agogo ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Karmo, mi ò kì í ṣì í lù. Síbẹ̀ mo mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣì í pa. Ẹ̀gbọ́n mi yìí ló yọ mí ní puráímárì kẹrin, pé kí n wá máa po sìmẹ́ńtì fún àwọn. Ọdún mọ́kàndínlógójì rèé, n kò gbàgbé. Ìkà ni mí, mo mọ̀. Tí ìrìn bá ti ń dán mọ́rán, n ó sáré pa á, ẹsẹ̀ wọn á kọ́ra, n ó wá ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ ò gbìyànjú rárá!" Lọ́jọ́ kan, lórí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà, mo pa mẹ́ta léra wọn wàrà. Wọ́n ṣubú, ọrùn ọwọ́ kan ṣoṣo tó kù tí wọ́n fi ń jẹun sì ṣẹ́. Mo sọ fún Shakirah pé wọn ò dúró dè mí. Ó bá wọn wí: "Bàbá, agídí yín ti pọ̀ jù!" Wọ́n kàn ń wò mí ṣáá.

Lóṣù tó kọjá, Shakirah ní ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ lè kọrin nígbà mìíràn, kí wọ́n dán an wò. Ẹ̀gbọ́n mi lanu, wọ́n fa orin jáde díẹ̀díẹ̀: "Akin o, rọra pa á, jẹ́ n rìn." Shakirah bú sẹ́rìn-ín. "Kai! Bàbá ti dolórin!" Èmi náà rẹ́rìn-ín, òógùn sì bò mí. Wọ́n ti mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ foríjì mí. Ọ̀rọ̀ ilé ìwé yẹn ṣì ń dùn mí, n kò ní parọ́ fún yín. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín le ná, a ó jókòó jà á tán. Láàárọ̀ ọ̀la, n ó pa á bó ṣe yẹ, ẹ ó sì rìn, torí mo mọ̀ ọ́n pa. Bí ẹ ò bá sì fẹ́ àtẹ́wọ́ mi mọ́, ẹ kọ ọ́ lórin báyìí, kí gbogbo wọn gbọ́.