Ọmú Ọjọ́ Ìsọmọlórúkọ

Òótọ́ tí Mosúnmọ́lá gbé mì láti ọdún tí gbogbo Lomé ti ìsọ̀ àti bútìkì pa nítorí ọ̀rọ̀ ìjọba kò gbọdọ̀ bá a wọ sàréè. Oyin, ìyàwó tuntun tí Olúgbénga ọmọ rẹ̀ gbé wọlé, ti lóyún, ikùn rẹ̀ sì ti sọ̀kalẹ̀. Arúgbó náà pè é síbi ibùsùn rẹ̀ ní àdúgbò Hanoukopé.

"Oyin, jókòó. Adéṣẹwà tó wà nílé yìí ṣáájú rẹ kọ́ ló pa ọmọ rẹ̀. Èmi ni."

Ó ní nígbà oyún Adéṣẹwà, agbẹ̀bí kan yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó bá sídà, àrùn éèdì, níbẹ̀. Olúgbénga ló kó o wálé. Ó ti jẹ́wọ́ fún ìyá rẹ̀. Agbẹ̀bí ní àrùn náà a máa gba inú ọmú wọ ọmọ lára, wàrà inú agolo ni kí wọ́n máa fún un. Mosúnmọ́lá fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ. Kò lè sọ pé òun kò mọ̀.

"Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ pé. Ìbọn sójà ń dún lójú títì, síbẹ̀ àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì kún yàrá. O mọ̀ wá, a ó fẹ́ rí i kí ìyá ọmọ fún ọmọ lọ́mú lójú wa. Bí wọ́n bá rí agolo, orúkọ ọmọ mi bàjẹ́ nìyẹn. Mo da wàrà náà sí gọ́tà. Mo wọ́ Adéṣẹwà lọ sẹ́yìn ilé. Ó ń ké pé, 'Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa á!' Mo fi ọmọ odó gbá a léjìká títí ó fi ṣubú, tó fi gbà láti jókòó sáàárín wọn. Láti ọjọ́ náà, Àìná àbúrò mi á di ọwọ́ rẹ̀ mú, èmi ìkà á ti ọmú bọ ọmọ lẹ́nu, títí ọmú náà fi là, tó ń ṣẹ̀jẹ̀."

Ọmọ náà rù, ó kú kó tó mọ ìrìn. Mosúnmọ́lá pariwo fún àdúgbò pé àjẹ́ ni Adéṣẹwà, òun ló pa ọmọ rẹ̀. Olúgbénga, tó mọ ohun tó wà lára òun, lù ú bí ẹni lu bàrà, ó lé e lọ sí Avépozo létí ìlú.

Bí Mosúnmọ́lá ṣe sọ̀rọ̀ dé ibẹ̀ ni Olúgbénga já wọlé. "Màmá, ẹ panu mọ́!" Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ gbá ìyá rẹ̀ lẹ́nu.

Oyin gbá ikùn rẹ̀ mú. "Màmá, àwọn obìnrin yẹn á tún wá. Kí ni kí n sọ fún wọn?"

Mosúnmọ́lá nu ẹ̀jẹ̀ ẹnu rẹ̀. "Bá mi bẹ Adéṣẹwà. Lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò lónìí. Bó bá wà níbẹ̀, gbé agolo sáàárín yàrá, kí wọ́n wò ó tẹ́rùn. Ojú wọn kì í pa ọmọ."