Ohùn Tí Ẹ Pè Ní Ariwo

Ẹ má ní kí n jókòó! Mi ò jókòó. Ọ̀gá oní-fídíò, ibi tí mo dúró sí yìí tẹ́ mi lọ́rùn, kí àwọn oníbàárà yín lè gbọ́ mi dáadáa, kí wọ́n mọ irú iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe. Kí ni mo ní kí ẹ bá mi ṣe? Ẹ dá mi lóhùn! Mo ní DVD ìyá mi kò lè ka àwọn fídíò wa tó wà lórí fóònù, kí ẹ bá mi yí i padà sí irú èyí tó lè kà, kí ẹ kọ ọ́ sórí àwo. Ó tán! Ta ló wá rán yín níṣẹ́ àtúnṣe?

Ẹ ní oore lẹ ṣe mí? Ẹ gbà mí o! Ẹ ní ariwo ti pọ̀ jù nínú ẹ̀, ẹni tó di kámẹ́rà mú kì í pa ẹnu dé, ni ẹ bá yọ gbogbo ohùn kúrò, ẹ fi dùùrù dípò ẹ̀. Ọ̀gá, ẹni tí ẹ ń pè láriwo yẹn, bàbá mi ni! Òun ló ya gbogbo fídíò yẹn, ojú ẹ̀ kò sí nínú ìkankan, kì í jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gba kámẹ́rà lọ́wọ́ òun. Ohùn ẹ̀ nìkan ló kù fún wa. Ọkùnrin náà ti kú o! A ti sin ín! Ẹ wá fi dùùrù bò ó mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Mo mọ̀, mo mọ̀, bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe máa ń ṣe fídíò ìgbéyàwó. Ṣé ìgbéyàwó ni mo gbé wá ni? Obìnrin tó ń ká aṣọ lórí okùn, tó ń bi ọkọ ẹ̀ pé kí ló ń yà lára òun, ṣé ìyẹn jọ ìyàwó tó wà lójú pátákó ìta yín lójú yín?

Ẹ fojú mi rí màbo lánàá. Ìyá mi kò lè lo fóònù, ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n, tó bá ti fọwọ́ kàn án pẹ́ń, nǹkan mìíràn ti ṣí. DVD yẹn nìkan ló mọ̀ ọ́n lò, ó ti fi kútẹ́ẹ̀sì pupa sàmì sí bọ́tìnnì tó máa tẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti ṣèlérí àwo yìí fún un ni kò ti jẹ́ ká sinmi. Ó wẹ̀, ó wọ aṣọ tó dáa, ó fín lọ́fínńdà. Lọ́fínńdà o! Nínú pálọ̀ ara ẹ̀, torí pé ọkọ ẹ̀ ń bọ̀ wá bá a sọ̀rọ̀!

Àwòrán jáde, ó mọ́ rekete, mi ò ní parọ́ mọ́ yín. Ìyá mi rí ara ẹ̀ níbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń dá ẹnì kan lóhùn, ẹnu ẹ̀ ń lọ, dùùrù ń lọ. Ó ní kí n yí i sókè. Mo yí i. Dùùrù! Ó ní bóyá etí òun ló di, ó fi ìka ro etí méjèèjì, ó sún àga mọ́ tẹlifíṣọ̀n títí imú ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Ló bá yíjú sí mi, ó ní, "Kí ló dé tí kò dá mi lóhùn? Ṣé ó ń bínú sí mi ni?"

Kí ni kí n sọ fún un? Ẹ wí, kí n lọ sọ ọ́!

Ẹ kò dẹ̀ dúró síbẹ̀, ẹ tún nu inú fóònù náà mọ́ fún mi, ẹ pa gbogbo fídíò yẹn rẹ́, ẹ ní ó ti kún jù. Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, tó fi ata sẹ́nu! Ṣé tó bá jẹ́ bàbá yín ni, ẹ máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é?

Ẹ ní kí ni? Ẹ tún un sọ. Fídíò náà ṣì wà nínú kọ́ńpútà yín? Èyí tí ẹ kò tíì fọwọ́ kàn rárá? Ẹ̀yin ọkùnrin yìí! Ẹ jẹ́ kí ẹnu mi bó láti àárọ̀, ẹ sì jókòó lé e! Ẹ ṣí i. Mi ò fẹ́ àlàyé, ẹ ṣí i!

Ṣẹ́ẹ̀. Ẹ dákẹ́. Ikọ́ ẹ̀ nìyẹn. Ọlọ́run mi, ikọ́ bàbá mi nìyẹn! Ẹ gbọ́, ẹ gbọ́: "Kúrò níwájú ìyá ẹ, orí ńlá yẹn ti bo gbogbo nǹkan." Èmi ló ń bá wí o! Èmi ni olórí ńlá! Ha! Ha-ha! Ẹ má wò mí, ẹ̀rín ló ń pa mí, ẹkún kọ́.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa: bó ṣe wà yẹn gan-an ni kí ẹ kọ ọ́ sórí àwo, tikọ́ tikọ́, tèébú tèébú. Tí mo bá tún gbọ́ dùùrù nínú ẹ̀, kí ìyàwó yín máa bá yín sọ̀rọ̀, kí ẹ má gbọ́ nǹkan kan àfi dùùrù! Mi ò sì lọ síbì kankan, ẹ̀yìn yín níbí ni mo máa dúró sí títí yóò fi parí. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ dá a padà sẹ́yìn díẹ̀ ná. Ẹ jẹ́ kó tún bú mi.