Atẹ́gùn Tó Fẹ́ Jáde Nínú Ìbọ̀wọ́

Ẹ jókòó, gbogbo yín. Ẹ ti gbọ́ ohun tí dókítà sọ, pé ikú mi ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ rere nípa òkú mi, ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ irú ẹni tí mo jẹ́. Irọ́ ti sáré fún ọdún mọ́kànlá, òní ni òtítọ́ bá a. Ológbò, àbúrò ìyàwó mi, ìwọ gan-an lọ̀rọ̀ kàn. O máa ń gbé kùkùté apá rẹ sókè níwájú àwọn ọmọṣẹ́ iná mànàmáná, wàá ní, "Ẹ wo ohun tí àìbìkítà fi mí ṣe." Ìwọ kọ́ lo ṣe é. Èmi ni.

Kí a tó gun òpó, a máa ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí kì í jẹ́ kí iná gbé wa, a ó ká ẹnu rẹ̀ pa, a ó gbé e sún mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bí ihò tó bí ojú abẹ́rẹ́ bá wà níbẹ̀, ara á mọ̀ ọ́n. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹnìkejì ẹni ló ń báni dán an wò. Ọwọ́ ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún.

Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá lọ́jọ́ náà, waya ń kùn lókè. Ẹ̀rù iná ti ń bà mí tipẹ́, ìtìjú ni kò jẹ́ kí n sọ. Mo fẹ́ atẹ́gùn sí ìbọ̀wọ́ Ológbò, ó sì fẹ́ jáde sí mi lẹ́rẹ̀kẹ́. Tèmi kò gba ọwọ́ rẹ̀. Bí mo bá ní tirẹ̀ ti lu, èmi ni n ó gun òpó. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣó dáa?" Mo ní, "Ó dáa." Ó ní, "Tẹ́ ẹ bá ti ní ó dáa, ó parí." Ó ń gùn, mo ń wò ó. Mo lè pè é padà. Ojo ni mí, n kò pè é, iná sì gbé e lókè.

Ẹ ní èmi ni mo gbà á là, torí èmi ni mo gbé e sọ̀kalẹ̀. Ẹ gbọ́ èyí tó burú jù. Ọjọ́ kẹta tó lajú, kò rántí nǹkan kan. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé mo fún yín ní ìbọ̀wọ́ mi dán wò?" Mo wò ó lójú, mo ní, "O ò fún mi. Ò ń kánjú." Ó sunkún, ó sì bẹ̀ mí pé kí n dárí ji òun.

Ológbò, ojú rẹ ń bà mí lẹ́rù ju ikú lọ. Bí o kò bá lè dárí jì mí, n kò ní bá ọ jà. Ṣùgbọ́n lọ́la, tí o bá dúró níwájú àwọn ọmọṣẹ́, má fẹ̀sùn kan ara rẹ mọ́. Dárúkọ mi fún wọn.