Orúkọ Kan Náà Ni Mo Kọ Sórí Bébà Méjèèjì

Ẹ̀yin òǹkàwé, ọ̀rọ̀ yìí ti pé ọdún méjì nínú mi, n kò sì rí ẹni sọ ọ́ fún nílé. Mo ń kọ ọ́ báyìí nítorí pé ìkórè ìjọ wa kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ mọ́. Ọkùnrin tí mo ṣẹ̀ fẹ́ kí n dúró ti òun níwájú pẹpẹ lọ́jọ́ náà, kí òun lè dúpẹ́ ohun tí mo ṣe. Kò mọ ohun tí mo ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé òpin kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́.

Aránṣọ ni mí ní Òkè-Ìlá, ní Adó-Èkìtì. Mo ka ìwé mẹ́wàá, ọwọ́ mi sì mọ́ níbi ìwé kíkọ, ìdí nìyí tí mo fi jẹ́ akọ̀wé ìgbìmọ̀ ìjọ wa. Ìjọ Àgùdà ni wá.

Ọmọ ìjọ kan tó wà lókè òkun fi jíìpù àtijọ́ kan ta wá lọ́rẹ, kí a máa fi gbé aláìsàn láti àwọn abà oko wá sí ọsibítù ní Adó. Ọ̀nà oko náà burú. Òkúta ń ha ikùn ọkọ̀. Ìgbìmọ̀ wá pinnu pé kí a gbé jíìpù náà sókè, ìyẹn ni pé kí a yọ sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kù rẹ̀, kí a fi èyí tó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ rọ́pò, kí abẹ́ rẹ̀ lè jìnnà sí ilẹ̀.

Iléeṣẹ́ méjì ló ń ṣe irú èyí tó bá jíìpù náà mu. N kò ní dárúkọ wọn, nítorí kò sí ayédèrú nínú wọn. Ẹ jẹ́ kí n fi àwọ̀ sípíríǹgì wọn pè wọ́n: Pupa àti Dúdú.

Bàbá Délé, mẹkáníìkì tó wà nínú ìgbìmọ̀, ní Dúdú ni kí a rà. Èmi ní Pupa ni. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi kà nípa àwọn méjèèjì lórí fóònù. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: bí wọ́n ṣe ga tó, bí irin wọn ṣe nípọn tó, ìwọ̀n ẹrù tí wọ́n lè rù. Pupa ló nípọn jù, òun ló sì lè ru ẹrù jù. Mo dìde nípàdé, mo kà á fún wọn.

Bàbá Délé rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyá Bísí, ṣé búbá lẹ fẹ́ rán fún sípíríǹgì náà ni, tí ẹ fi wọ̀n ọ́n láyà, tí ẹ wọ̀n ọ́n nídìí?"

Ẹnìkan lẹ́yìn ní, "Ẹ má gbàgbé ìró o!"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Fadá pàápàá rẹ́rìn-ín.

Bàbá Délé wá sọ pé, "Irin tó le fún ẹrù kò ní rọ̀ fún aláìsàn. Ẹnìkan ṣoṣo tó dùbúlẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀, báwo ló ṣe wúwo tó? Gbogbo kòtò tí táyà bá kó sí, egungun rẹ̀ ló máa gbọ́ ọ."

Ọ̀rọ̀ náà yé mi. Ẹ jọ̀ọ́, n kò ní purọ́ fún yín: ó yé mi lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀rín yẹn ni kò jẹ́ kí n gbà.

Ìgbìmọ̀ pín sí méjì. Ọjọ́ Àìkú mẹ́ta la fi jiyàn. Níkẹyìn, Fadá ní kí a ṣe bí àwọn Àpọ́sítélì ṣe ṣe nígbà tí wọ́n fẹ́ yan ẹni tó máa rọ́pò Júdásì: kí a gbàdúrà, kí a ṣẹ́ kèké. Ó ní kí akọ̀wé lọ kọ orúkọ méjèèjì.

Mo wọ yàrá tí Fadá ti ń múra. Mo gé bébà méjì dọ́gba. Mo kọ Pupa sórí ọ̀kan. Mo tún kọ Pupa sórí èkejì. Mo ká méjèèjì sínú abọ́ kan.

Ìyá tó dàgbà jù nínú ìjọ ló mú ọ̀kan nínú abọ́. Mo yára kó èkejì sínú àpamọ́wọ́ mi. Kò sẹ́ni tó béèrè rẹ̀. Ta ló máa béèrè, nígbà tí Ọlọ́run ti sọ̀rọ̀?

Bàbá Délé kúnlẹ̀. Ó ní, "Ó tán. Èmi kọ́ ni mo mọ̀ jù." Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi de Pupa mọ́ abẹ́ jíìpù náà.

Òkúta kò ha ọkọ̀ náà mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ńṣe ló ń gbé ènìyàn sọ. Lọ́jọ́ kan, a gbé ìyá arúgbó kan tí itan rẹ̀ kán ní abà. Ó ké láti oko títí a fi kọjá àdúgbò Adébáyọ̀ ní Adó. Nígbà tí a gbé e sọ̀kalẹ̀, ohùn rẹ̀ ti há. Nọ́ọ̀sì tó gbà á bínú gidi.

Ó ní, "Ta ló ní kí ẹ fi irú irin yìí sábẹ́ ọkọ̀ aláìsàn?"

Awakọ̀ dá a lóhùn, "Ọlọ́run ni, Mà."

Mo di gèlè ìyá náà mú lọ́wọ́.

Nípàdé tó tẹ̀lé e, mo ní bóyá kí a pààrọ̀ rẹ̀. Wọ́n pariwo lé mi lórí. "Ìyá Bísí, ẹ̀yin tí ẹ fọwọ́ ara yín kọ ọ́? Ṣé ẹ fẹ́ bá Ọlọ́run jiyàn ni?" Mo jókòó.

Mo jẹ́wọ́ fún Fadá nínú àpótí ìjẹ́wọ́. Ó ní kí n lọ sọ fún Bàbá Délé fúnra mi, kí n tún ohun tí mo bàjẹ́ ṣe. Òun kò lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, nítorí èèwọ̀ ni fún Fadá láti tú ọ̀rọ̀ ìjẹ́wọ́ síta. Mo ń sún un síwájú títí wọ́n fi gbé Fadá lọ sí ìlú mìíràn.

Lóṣù tó kọjá, mo fi agbára mú ara mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù Bàbá Délé. Mo ní, "Bàbá, ọ̀rọ̀ kèké ọjọ́sí..."

Kò jẹ́ kí n parí. Ó nu epo ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Uṣẹ́ Olúwa ni, Ìyá Bísí. Kó tó di ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó lè sọ fún mi pé mo ṣì í. Ọdún mọ́kànlá ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ò fi bá ara wa sọ̀rọ̀, torí mo ní èmi ni mo jàre. Ìgbà tí Ọlọ́run wá fi hàn mí pé mo lè ṣì í lórí irin, irin tí mo fi gbogbo ayé mi ṣe, mo ní níbo ni n kò ti lè ṣì í? Ọjọ́ kejì ni mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ló kú. Ọwọ́ mi ló kú sí."

Omi wà lójú rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ jẹ́rìí rẹ̀ lọ́jọ́ ìkórè. "Ọwọ́ yín ló kọ bébà náà. Ẹ máa dúró tì mí."

Mo ní, "Ẹ ṣé, Bàbá." Mo padà sílé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Bí mo bá sọ òtítọ́, ìgbìmọ̀ máa pààrọ̀ irin náà, aláìsàn á sì rí ìtura. Ṣùgbọ́n kí ni Bàbá Délé máa pe ọjọ́ tó dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀? Á mọ̀ pé òun ló jàre lọ́rọ̀ irin láti ìbẹ̀rẹ̀, pé ẹ̀tàn obìnrin kan ló gbé òun dé ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n òun. Bí n kò bá sì sọ ọ́, jíìpù náà á tún gbéra lọ sí abà lọ́sẹ̀ yìí. Èmi á sì dúró níwájú pẹpẹ, n óò máa gba ọpẹ́.

Mo ti bẹ Ọlọ́run. Ẹ̀yin ni mo ń bẹ báyìí. Ẹ fi ara yín sí ipò Bàbá Délé, ẹ má fi sí ipò mi. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ṣé ẹ máa fẹ́ mọ̀?