Ètè Irin Tí Bámgbóṣé Fò

"Ẹ dúró! Ẹ má tíì kan pákó yẹn mọ́lẹ̀! Ọ̀rọ̀ kan há mi lọ́fun, bí mi ò bá sì sọ ọ́ jáde lónìí, oúnjẹ ò ní gba ibẹ̀ kọjá mọ́."

Bámgbóṣé ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ létí odò, láàárọ̀ Sátidé kan lọ́dún 1992, tí tọmọdé tàgbà Ìrókò jáde láti tún afárá wọn ṣe. Ọmọ bíbí ìlú náà ni, ẹnjiníà ní iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ n'Íbàdàn, díákónì ní ìjọ Onítẹ̀bọmi. Aṣọ rẹ̀ kì í rún, ẹnu rẹ̀ náà kì í sinmi. Bàbá Làmídì, olórí àwọn tó ń mójú tó afárá, ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kó bá àwọn ṣírò ìwúwo tí pákó tuntun náà lè gbé ni. Kí Bámgbóṣé tó lanu, Jùbrílù awakọ̀, tó dúró sínú omi dé orúnkún tó ń gbé pákó, ti dá a lóhùn: "Bàbá, ohun tí Ẹnjiníà bá ti sọ, ẹ gbà á bẹ́ẹ̀. Ìṣirò tiwọn kì í yẹ̀." Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Bámgbóṣé lákínyẹmí ara. Jùbrílù yìí gan-an sì ni Bámgbóṣé ti purọ́ mọ́ rí!

"Kí ló dé, Bámgbóṣé?" Bàbá Làmídì bi í. "Ṣé kò sí o?"

"Ó wà, bàbá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí n tó tún gbọ́n. Ẹ rántí ọjọ́ tí irin tí a ó fi kọ́ gbọ̀ngàn ìlú dé. Ọ̀pá mẹ́rìndínlógún ni Jùbrílù kó láti Ìbàdàn. Òfin afárá wa ni pé ẹrù tó bá ju tọ́ọ̀nù mẹ́ta àbọ̀ lọ, ká sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ká fi èjìká gbé e kọjá, kí ẹlẹ́rù fúnra rẹ̀ sì bọ́ sí iwájú ọ̀pá àkọ́kọ́. Ta ni alága ìgbìmọ̀ gbọ̀ngàn? Èmi ni. Èmi ló yẹ kí n bọ́ síwájú."

Ẹ ò rí Bámgbóṣé lọ́jọ́ náà! Gínì funfun báláú ló wọ̀, agbádá rẹ̀ ń gbálẹ̀. Ó ti ní kí onífọ́tò dúró de òun lódìkejì odò, kó ya òun àti irin pọ̀. Ta ló ń wọ irú aṣọ bẹ́ẹ̀ ru irin?

"Ẹ ní kí n ṣírò ó. Mo mú igi, mo ń kọ ọ́ sórí iyanrìn. Apá mẹ́ta ni ọ̀pá irin yẹn ní: pẹlẹbẹ kan lókè bí ètè, òmíràn nísàlẹ̀ bí ètè, èkẹta dúró láàárín, ó so wọ́n pọ̀. Ọgbọọgba ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ fi fífẹ̀, nínípọn àti gígùn sọ ara wọn di púpọ̀, kí ẹ wá fi ìwúwo irin fúnra rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀. Kò ní awo nínú. Mítà kan nínú apá kan ò jìnnà sí kílò mẹ́rìndínlógún, mítà mẹ́fà sì ni ọ̀pá kọ̀ọ̀kan. Mo ti ṣe é tán lọ́kàn kí igi tó kanlẹ̀: tọ́ọ̀nù mẹ́rin àbọ̀! Mo wo ẹrẹ̀. Mo wo aṣọ mi. Ni mo bá fo ètè ìsàlẹ̀. Apá méjì ni mo ṣírò, mo pè é ní odindi. Mo ké pé, 'Tọ́ọ̀nù mẹ́ta péré!' Ẹ sì pàtẹ́wọ́. Olè jí ìdá kan nínú mẹ́ta irin lójú gbogbo ìlú, ẹ pàtẹ́wọ́ fún un!"

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin kan ní kó panu mọ́, kí àwọn gbọ́rọ̀.

"Jùbrílù ní, 'Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó dá yín lójú? Ẹ̀yìn mọ́tò yìí wọlẹ̀ o.' Mo ní, 'Ìwọ lo lọ sí yunifásítì ni àbí èmi?' Ó ní kí n má bínú. Òun ló tún ń bẹ̀ mí! Jẹ́jẹ́ ló gun afárá, bí ẹni tó ru ẹyin. Ojú mi ló ṣe. Taya iwájú kọjá. Ti ẹ̀yìn dé àárín, pákó ké gbàà, irin dà sómi. Ojú fèrèsé ni Jùbrílù gbà jáde. Ọlọ́run ló yọ ọ́."

Èyí tí gbogbo ìlú rí nìyẹn. Èyí tó kù ni ìlú ò mọ̀.

"Ìyẹn kọ́ ló burú jù. Bàbá, lọ́jọ́ kejì ẹ pè wá sí àgbàlá yín. Ẹ ní, 'Bámgbóṣé, ẹ̀rí tìrẹ la ó gbà. Ṣé ìṣirò rẹ pé?' Jùbrílù tẹjú mọ́ mi. Mo ní, 'Ìṣirò mi pé. Eré ló sá.' Ẹnu tí mo fi ń gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn o! Ibẹ̀ lẹ ti sọ pé ẹni tí kò lè rọra gun afárá kò lè rọra tọ́jú ọmọ yín. Ẹ fagi lé yìgì Jùbrílù àti Nimotallahi ọmọ yín náà, nígbà tí aṣọ ìyàwó ti wà lọ́dọ̀ télọ̀."

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ foríjì mí. Jùbrílù, àbúrò mi, foríjì mí. Bàbá, ẹ má torí ẹ̀ṣẹ̀ mi gba ìyàwó lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń fẹ́ dà bí èmi, ìwé ò burú. Àmọ́ bí ẹ bá kà á tán tí ẹ wá ń fi í purọ́ mọ́ ẹni tó fọkàn tán yín, púrúǹtù sàn jù yín lọ."

Bàbá Làmídì mirí. "Àṣé agbádá ló wó afárá wa!" Ẹ̀rín ta. Àwọn kan rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀.

Jùbrílù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó jáde nínú omi, ó wá dúró níbi orí Bámgbóṣé. Gbogbo ènìyàn rò pé yóò lù ú.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ṣé lóòótọ́ ni pé mi ò sáré?"

"O ò sáré rárá."

"Mo ti gbà pé mo sá a ni o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀wé lẹ sọ pé mo sáré, ta ni mo jẹ́? Kò sí ìrun tí mo kí tí mi ò tọrọ àforíjì nítorí eré yẹn. Mo tiẹ̀ ti sọ fún Nimotallahi pé kó fẹ́ ẹlòmíràn, kó má lọ fẹ́ ẹni tó lè fi mọ́tò pa á."

Bámgbóṣé bú sẹ́kún. Bàbá Làmídì náà ń fi ọwọ́ nu ojú, wọ́n ní ìyẹ̀fun pákó ló wọ àwọn lójú. Wọ́n di ọwọ́ Jùbrílù mú ṣinṣin, wọ́n wá kọjú sí àwọn obìnrin tó ń dáná lábẹ́ igi.

"Ẹ ránṣẹ́ sí Nimotallahi kíákíá," ni wọ́n wí. "Ẹ ní kó máa bọ̀. Ẹ ní ọkọ rẹ̀ ò sáré."