Ìtumọ̀ “Chair” àti “Share” Tó Bí Alága Nínú

Kí n wá kúnlẹ̀ fún ta ni? Àfáà Hàkímù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fẹ̀yìn ti àga yẹn dáadáa, ẹ má jókòó sí etí rẹ̀ bí ẹni tí mọ́tò fẹ́ já sílẹ̀, torí iṣẹ́ tí Alága rán yín sí mi yìí kì í ṣe èyí tí wọ́n ń jẹ́ lórí ìdúró. Èmi Sàbírátù, ìyá Yaseer, ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta, kí n lọ fi orúnkún méjèèjì gúnlẹ̀ níwájú Bákàrè alága àdúgbò wa nítorí pé mo sọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ gẹ̀ẹ́sì mẹ́ta. Mẹ́ta péré. Mẹ́rin ni wọ́n fún mi o, mi ò tíì dé orí ìkẹrin tó fi dìde, tó gbọn agbádá, tó ní kí wọ́n mú sàtífíkéètì tèmi kúrò lórí tábìlì, kí wọ́n gbé e lọ sílé òun.

Ẹ mu omi. Kì í ṣe ẹ̀yin ni mò ń bá jà. Àmọ́ ẹ wà níbẹ̀, àbí ẹ ò sí níbẹ̀? Ṣebí ẹ̀yin lẹ ka Fátíà lé ìwé gẹ̀ẹ́sì lórí. Bí Lúkmàn tíṣà bá ti ní “cat, rat, mat”, ẹ̀yin á ní àmín. Mo wò yín títí, mo ní Ọlọ́run Ọba, Alabar wa ní Kumasi yìí náà ló wá di ibi tí wọ́n ti ń ṣe àmín sí eku.

Ta ló sì sọ kíláàsì gẹ̀ẹ́sì di wòlímà? Lúkmàn tíṣà ò ní i lọ́kàn. Gbogbo àárọ̀ Sọ́ńdè la fi ń jókòó sẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, àwa obìnrin mẹ́tàdínlógún, ó ń kọ́ wa ní ọ̀rọ̀ tí ìparí wọn ń dún bákan náà, ó ní bí ọ̀kan bá ti wọlé sórí, á na ọwọ́ fa àwọn yòókù wọlé. Òótọ́ ló sọ. Èmi tí bàbá mi rán àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin lọ síléèwé tó gbé igbá ata lé mi lórí, mo ń to abọ́ tánganran ní ọjà Race Course, ẹnu mi ń lọ: chair, share, hair, fair. Oníbàárà béèrè iye tí mò ń ta abọ́, mo ní “hair”. Ó wò mí, ó kọjá lọ.

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì ká parí, tíṣà ní ká kàn dìde, ká pe ọ̀rọ̀ wa, ká sọ ìtumọ̀ rẹ̀, ká gbàwé ká jókòó. Bákàrè ló fi ọ̀pá lu ilẹ̀. Ó ní ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí a ti wá, ta ló ń ṣe wòlímà tó máa kàwé tán tó máa kàn jókòó, ṣebí tafusíìrì ló ń tẹ̀lé e, kí kálukú túmọ̀ tirẹ̀, kó sì fi àpẹẹrẹ ohun tí ojú wa ń rí ládùúgbò gbè é lẹ́sẹ̀. Ògbómọ̀ṣọ́ wo? Òun tí wọ́n bí sí Kumasi níbí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó débẹ̀, òkú ló lọ sin, ó sì sá padà lọ́jọ́ kẹta torí pé kò rí fùfú tí wọ́n fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ gún jẹ. Àmọ́ ẹ̀yin náà ní Àlááù Akbaru sí i, Àfáà. Ẹ má wolẹ̀, ẹ̀yin lẹ ní bẹ́ẹ̀.

Ó dáa. Aṣọ funfun, a wọ̀ ọ́. Wàláà, wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ gẹ̀ẹ́sì sí i, a gbé e rù yí Alabar ká bí ọmọ kéékèèké. Ama tó ń ta kẹ́ńkẹ́ lójúde wa ní ìyá Yaseer, wei deɛ, eléyìí ńkọ́, kí ni mo gbé lórí. Mo ní kó lọ bi Alága.

Fuseina, ìyàwó rẹ̀ kékeré, ló kọ́kọ́ dìde. “Cat” ni ológbò, “rat” ni eku, “mat” ni ẹní. Àpẹẹrẹ ńkọ́? Ológbò jókòó lórí ẹní, ó rí eku. Ó tán. Bákàrè pàtẹ́wọ́ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí oṣù ìtúnu.

Ló bá kàn mí. Mo ní “chair”, àga ni, ohun tí èèyàn ń jókòó lé tó bá rẹ̀ ẹ́, tó sì máa dìde níbẹ̀ kí ẹlòmíì lè jókòó. Àmọ́ àga kan wà ládùúgbò yìí tí ẹni tó jókòó lé e ti ta gbòǹgbò, oyún Yaseer wà nínú mi nígbà tó jókòó, Yaseer ti gba dígírì báyìí. Ṣé irọ́ ni? Mo ní “share”, pínpín ni, bíi ká ní wọ́n fi màlúù ta wá lọ́rẹ ní Iléyá. Ẹsẹ̀ mẹ́rin ni màlúù ní. Èyí tó wá sọ́dọ̀ wa lọ́dún tó kọjá, ẹsẹ̀ méjì ló kù nínú rẹ̀ nígbà tí ìpín dé ọ̀dọ̀ wa. Mo ní bóyá irú èyí tó ń rìn bí adìẹ ni, mi ò mọ̀, mi ò kàwé. Mo ní “hair”, irun ni, òun ni Ọlọ́run fi ń sọ fún ọkùnrin pé ó ti tó gẹ́ẹ́. Àmọ́ irungbọ̀n kan wà tó funfun lọ́jọ́ Àlàmísì, tó dúdú bí ìdí ìkòkò lọ́jọ́ Jímọ̀, torí pé ìyàwó tuntun ń bọ̀.

Ẹ rẹ́rìn-ín, Àfáà. Wálláhì mo rí yín, ẹ fi tẹ̀sùbáà bo ẹnu, ikùn yín ń mì. Òun náà lẹ tún ń rín un yìí.

Èyí tó dùn mí jù ni “fair” tí wọn ò jẹ́ kí n dé. Òun ni mo fẹ́ràn jù. Ìtumọ̀ rẹ̀ rọrùn, kí kálukú gba ohun tó tọ́ sí i. Àpẹẹrẹ ni mi ò tíì rí ní Alabar.

Ẹ máa rò pé bébà lásán ni sàtífíkéètì yẹn. Lọ́dún tó kọjá, àwọn tó ń rí sí ọjà kọ lẹ́tà sí wa, àwa tí a wà ní ìlà alábọ́, kò sẹ́ni tó lè kà á nínú wa, a fi di ẹ̀pà. Ìpàdé ni wọ́n pè wá sí. Nígbà tí a ó fi mọ̀, wọ́n ti pín ibi tí òjìji wà fún àwọn tó lọ, oòrùn ló kan àwa. Làwọn obìnrin bá fẹnu kò pé èyí tó bá gbàwé ẹ̀rí nínú wa ni yóò máa kà fún wọn, tí yóò máa sọ̀rọ̀ níwájú àwọn ọ̀gá ọjà. Èmi nìkan ni mo wà ní kíláàsì látinú ìlà yẹn. Mo ti kan ìṣó mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ẹ̀rí Yaseer, ìṣó ọ̀hún rèé, ẹ wò ó, aláǹgbá ló ń rọ̀ mọ́ ọn. Bákàrè wá ń rán wọn níṣẹ́ báyìí pé tí wọn ò bá ní ẹni, òun á yá wọn ní Fuseina. Fuseina tí kò ta ìdérí abọ́ rí. Tí àwọn ọ̀gá ọjà bá ní ká kó ẹrù kúrò nílẹ̀, kó sọ fún wọn pé ológbò jókòó lórí ẹní?

Kí lẹ wí? Alága ní òun ni mo ń bá wí? Ẹnu rẹ̀ ló fi sọ bẹ́ẹ̀, tàbí ẹ̀yin lẹ fi kún un? Haba, inú mi dùn o.

Ẹ padà lọ jẹ́ iṣẹ́ fún un. Ẹ ní Sàbírátù ti gbà. Ní Sọ́ńdè tó ń bọ̀, níwájú gbogbo èèyàn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, màá kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ ò ní bá mi tẹ́ nǹkan kan. Àmọ́ mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni, mi ò sì fẹ́ bẹ ẹni tí mi ò ṣẹ̀. Kóun kọ́kọ́ dìde, kó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ tíṣà, kó ní: èmi Bákàrè ni mo gbé ẹsẹ̀ màlúù méjì lọ sílé, èmi náà ni mo pa irungbọ̀n láró. Tó bá ti sọ ọ́ tán, orúnkún mi ti wà nílẹ̀. Tí kò bá lè sọ ọ́, a jẹ́ pé kì í ṣe òun nìyẹn, kò sí ẹni tí mo bú; kó gbé ìwé mi fún yín, kẹ́ ẹ mú un wá fún mi kí wọ́n tó pe ìrun Alásárì lónìí.