Èlùbọ́ Tí Mo Dà Sínú Àpò Ifádùnní

Ẹ̀yin ará ilé Ifádùnní, ẹ̀yin àgbà olórìṣà Ògìyán, àti ìwọ Bọ́látitó ọmọ rẹ̀ tí yóò ka ìwé yìí sókè, ẹ fara balẹ̀. Dókítà ti sọ fún mi pé ẹ̀dọ̀fóró mi kò ní gbé mi dé ọdún tí ń bọ̀. Ọdún mẹ́wàá ni mo ti fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́ sínú. N kò ní gbé e wọ ibojì.

Ẹ mọ̀ mí sí Olújídé oníṣòwò èlùbọ́, ọkùnrin tí kì í jẹ́ kí ẹ̀kúnwọ́ èlùbọ́ kan ṣòfò. Lẹ́tà ni mo fi kọ́ ìṣòwò láti ìlú òyìnbó. Ìwé mẹ́rìnlélógún ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi, mo sì dáhùn gbogbo ìbéèrè inú wọn. Ọ̀kan nínú wọn ní kí oníṣòwò máa kọ́gbọ́n nínú àdánù rẹ̀. Mo fàlà sí i nídìí. Ìlà lásán ni mo fà.

Ní ọdún 1948, mo kó àpò gbodo, ìyẹn iṣu gígé tí a ti sá gbẹ, sórí ilẹ̀ lásán nínú yàrá ìta Ifádùnní. Opó ni, olórìṣà Ògìyán ni, òun ló sì ń bá mi ta ọjà ní Ẹ̀jìgbò. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ to igi sábẹ́ àpò wọ̀nyí. Ilẹ̀ yìí ń mí.”

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Ṣé ilẹ̀ náà tún nímú ni?”

“Bí kò nímú, ó lẹ́nu. Ẹ ó rí i.”

Kí oṣù Kẹfà tó parí, kòkòrò ti jẹ àpò mẹ́jọ di lẹ́búlẹ́bú. Bẹ́ẹ̀ ni mo ti ṣèlérí àpò mẹ́ta fún Joanna, oníbàárà mi ní Ìbàdàn. Ojú tì mí láti lọ bẹ̀ ẹ́. Mo gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Ifẹ̀-Ọ̀dàn, mo ra iṣu tuntun. Ta ni kò mọ̀ pé iṣu tuntun kì í wọ Ẹ̀jìgbò kí Ògìyán tó jẹ tirẹ̀? Mo ní onígbàgbọ́ ni mí, kí ló kàn mí? Oko ni mo ti bó o, orí àpáta ni mo sá a sí, òjò kò sì jẹ́ kó gbẹ dénú. Mo fi àpò mẹ́ta ránṣẹ́ sí Joanna, ó dá ọ̀kan padà. Awakọ̀ jíṣẹ́ fún mi lójú gbogbo èèyàn: “Wọ́n ní kí n sọ fún Bàbá Olújídé pé èlùbọ́ wọn ti hu irun. Kí wọ́n wá fá a.”

Ọlọ́gbọ́n ìbá da àpò yẹn sígbó. Èmi tí n kò lè rí ohun tó ń ṣòfò, mo gbọn ohun tó hù kúrò lára rẹ̀, mo tún un sá, mo gún un, mo kù ú. Ní ọjọ́ tí Ifádùnní lọ kí ẹbí rẹ̀ ní Ara, mo dà á pọ̀ mọ́ èlùbọ́ èṣí nínú àpò rẹ̀, àpò tí òun náà ń jẹ nínú rẹ̀. Nígbà tó dé, ó gbé omi fún mi. Mo mu ún.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọdún Ògìyán, àwọn olórìṣà ẹgbẹ́ rẹ̀ péjọ sílé rẹ̀, ó sì rokà fún wọn. Ọ̀pọ̀ ti jẹun kí Ìyá Fábọ̀sẹ̀, àgbà wọn, tó ju òkèlè sílẹ̀.

“Ifádùnní, ọkà rẹ ń fà bí ikun. Iṣu wo nìyí?”

“Iṣu èṣí ni, ìyá mi. Ẹ̀gbọ́n Olújídé ló kó o fún mi.”

Wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Ìyá Fábọ̀sẹ̀ bi mí bóyá mo ra iṣu tuntun. Ifádùnní ń wò mí, ó tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, nítorí ó dá a lójú pé ẹnu mi ni yóò yọ òun. Mo ro ọjà mi. Mo ro bí gbogbo ìlú yóò ti kọ èlùbọ́ mi. Mo ní, “Ẹ̀yin ìyá, iṣu èṣí ni mo kó fún un. Bó bá ra nǹkan kún un nígbà tó lọ sí Ara, èmi ò mọ̀.”

Ifádùnní ní, “Ẹ̀gbọ́n?” Ọ̀rọ̀ kan yẹn nìkan ni.

Wọ́n bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ funfun lọ́rùn rẹ̀. Wọ́n ní òun àti ọmọ rẹ̀ kò gbọdọ̀ bá wọn wọ ojúbọ mọ́. Ọdún mẹ́fà ló fi ń dúró lójú títì, tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọrin wọlé, títí ó fi kú.

Ọjà mi gbèrú. Mo to igi sábẹ́ àpò, n kò ra iṣu òjò mọ́, mo sì kọ́ àká méjì. Bí àwọn ọ̀dọ́ bá bi mí bí mo ti ṣe é, mo ń dáhùn pé àdánù ló kọ́ mi. Ẹ wo ẹnu burúkú! Gbogbo àdánù tí mo kọ́gbọ́n nínú rẹ̀, orí ẹlòmíràn ni mo dì í lé. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ọjà yín bá bàjẹ́, ẹ gbé e síta, kí wọ́n fi yín rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín kì í pa oníṣòwò.

Ẹ̀yin àgbà, Ifádùnní kò ra iṣu tuntun. Èmi ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ bá yín wọlé lọ́dún yìí.

Bọ́látitó, bí o bá kà á débí tí o kò sì lè dárí jì mí, má sọ pé o ti dárí jì mí. Irọ́ tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí ti tó.